Ó gba 553 nínú ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì, ẹnu rẹ̀ kò ṣí

Àárọ̀ ọjọ́ kan ní oṣù Kẹwàá 2018 ni àlejò kan láti Jámánì wọ láàbù wa ní Wuhan. Onímọ̀ nípa oúnjẹ ni, bàbá àgbàlagbà tí irun orí rẹ̀ funfun báláú, tí ẹ̀rín kò sì jìnnà sí ẹnu rẹ̀. Ọ̀gá wa mú un yí ká, ó ń fi àwọn ẹ̀rọ hàn án lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n dé ìdí ẹ̀rọ tí a fi ń wọn bí sítáàṣì ṣe ń ki lórí iná, ọ̀gá nawọ́ sí àbúrò mi pé kó ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀.

Àbúrò mi tí mo wí yìí, kì í ṣe pé ìyá kan ló bí wa. Ní yunifásítì Ṣáínà, tí ọ̀gá kan náà bá ń tọ́ ẹ̀yin méjì, ẹ ti di ọmọ agboolé kan: ẹni tó kọ́kọ́ dé ni shixiong, ìyẹn ẹ̀gbọ́n, ẹni tó bá a níbẹ̀ ni shidi, àbúrò. Ẹnikẹ́ni kì í bi ọjọ́ orí. Ọjọ́ tí o wọlé ni wọ́n ń kà, gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń ka ìyàwó nínú agboolé tiwa. Mo dé Wuhan ní 2016 láti ṣe iṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé lórí sítáàṣì ẹ̀gẹ́. Òun dé lọ́dún kejì fún oyè máásítà, ọ̀dùnkún sì ni tirẹ̀. Shidi ni mo ń pè é títí dòní, òun náà ni màá lò níhìn-ín.

Àlejò wo àwòrán tó wà lójú kọ̀ǹpútà, ó wá bi í pé: tó bá wá tutù ńkọ́, kí ló máa ń dà? Ìbéèrè tí ìyá ẹlẹ́kọ èyíkéyìí ní Ọ̀yọ́ máa dáhùn láìgbé ojú kúrò nídìí ìkòkò.

Shidi wo ẹ̀rọ, ó wo àlejò. Etí rẹ̀ méjèèjì pọ́n. Ó ní "Yes." Àlejò dúró. Ó tún ní "Yes, yes," ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó wá yíjú sí mi bí ẹni tí odò ń gbé lọ. Mo gba ọ̀rọ̀ náà sọ, àlejò mi orí, wọ́n kọjá sídìí ẹ̀rọ tó kàn. Gbogbo rẹ̀ kò tó ìṣẹ́jú kan.

Ọ̀gá kò gbàgbé. Nígbà tí àlejò ti lọ jẹun, ó pe shidi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó bi í pé èló ló gbà ní CET-6, ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì yunifásítì wọn. Shidi ní 553. Ọ̀gá wò ó títí, ó ní, "553," ó bá tirẹ̀ lọ.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, aago mọ́kànlá ti kọjá, WeChat mi dún. Shidi ni. Gẹ̀ẹ́sì ló fi kọ ọ́: "After cooling, the amylose molecules reassociate, which leads to retrogradation and higher firmness of the gel." Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Èmi tí wọ́n ti ń tìtorí Gẹ̀ẹ́sì nà láti pírámárì, n kò lè kọ ọ́ kó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdáhùn tí àlejò ń wá láàárọ̀ rèé, pé tó bá tutù, àwọn èérún inú sítáàṣì á tún so mọ́ra, á sì le. Ó pé pérépéré, ó kàn fi wákàtí mẹ́tàlá pẹ́ ni. Kò pẹ́ sígbà náà ló fi ohùn ránṣẹ́ ní èdè Ṣáínà: "Shixiong, báwo ni wọ́n ṣe ń pe retrogradation?" Ọ̀rọ̀ tó ti kọ sínú ìwé tó ìgbà igba. Kò tíì gbọ́ ọ rí, kò sì tíì jáde lẹ́nu rẹ̀ rí.

Àwọn ará Ṣáínà ní orúkọ fún àìsàn yìí. Yaba Yingyu ni wọ́n ń pè é, Gẹ̀ẹ́sì odi. (Yaba yìí kò bá Yábàá ti Èkó tan o, odi ló túmọ̀ sí.) Tí mo bá sì ń gbọ́ àwọn àlejò míì tí wọ́n ń sọ pé ọmọ Ṣáínà kò lè gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, inú a máa bí mi, torí shidi ń ka ìwé ìwádìí Gẹ̀ẹ́sì yára jù mí lọ. Kì í ṣe òpè. Ohun tí wọ́n kọ́ ọ ló mọ̀.

Ẹnu dà?

Kí ẹ má baà rò pé 553 kéré, ẹ jẹ́ kí n sọ bí ìdánwò náà ṣe rí. CET ni ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì tí gbogbo yunifásítì Ṣáínà jọ ń ṣe. CET-4 bẹ̀rẹ̀ ní 1987, CET-6 tó le jù ú lọ tẹ̀lé e ní 1989. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni wọ́n ń ṣe é, ní oṣù Kẹfà àti oṣù Kejìlá, ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọmọ ló sì ń jókòó sídìí rẹ̀. Máàkì rẹ̀ lápapọ̀ jẹ́ 710. Ẹni tó bá ti gba 425 ni wọ́n ń kà sí ẹni tó yege, torí náà ẹni tó ní 553 lè gbé orí sókè láàárín ẹgbẹ́. Àwọn tó ń gbani síṣẹ́ ń béèrè rẹ̀. Ọ̀pọ̀ yunifásítì pàápàá kì í fún ọmọ ní oyè tí kò bá yege nínú CET-4, kó tó di pé wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn yẹn díẹ̀díẹ̀.

Tí ọjọ́ ìdánwò bá ti ń sún mọ́lé, ẹ ó rí àwọn ọmọ tí wọ́n gbé gbohùngbohùn kọ́ etí kiri ọgbà. Rédíò ló wà nínú rẹ̀. Orí FM inú ọgbà ni wọ́n ti máa gbọ́ apá etígbọ́, wọ́n sì gbọ́dọ̀ ti dán an wò bóyá ó ń gbé ohùn dáadáa. Mo rántí ọmọbìnrin kan tó dúró lábẹ́ igi, tó ń yí orí sọ́tùn-ún sósì bí ẹni ń wá tẹlifíṣọ̀n pẹ̀lú àńtẹ́nà.

Apá etígbọ́ yẹn gba ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìwé kíkà gba 35. Àròkọ gba 15, ìtúmọ̀ láti èdè Ṣáínà sí Gẹ̀ẹ́sì gba 15. Ẹ rò ó pọ̀. Ó ti pé ọgọ́rùn-ún. Ẹnu dà?

Ìdánwò ẹnu wà, láti 1999. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni, ẹni tó bá wù ló ń forúkọ sílẹ̀, owó rẹ̀ sì dá yàtọ̀. Mo bi gbogbo àwa mẹ́tàdínlógún tó wà ní láàbù léèrè: ẹnì kan ṣoṣo ló ti ṣe é rí, ó ní nítorí pé bàbá òun fi agbára mú òun ni. Ìdánwò àpapọ̀ tí shidi fi wọ máásítà wá burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí 100 máàkì tó wà fún Gẹ̀ẹ́sì níbẹ̀ kò tiẹ̀ ní apá etígbọ́. Ojú àti ọwọ́ nìkan ló tó wọlé.

Bí wọ́n ṣe dé ibẹ̀ kò ṣe àjèjì, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi wọ́n ṣẹ̀sín. Ní 1985, nígbà tí wọ́n kọ ìlànà Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn tó ń kọ́ sáyẹ́ǹsì ní yunifásítì, wọ́n sọ ọ́ láìfi bò: ìwé kíkà ni kó ṣáájú, etígbọ́ tẹ̀lé e, ìwé kíkọ àti ọ̀rọ̀ sísọ ló gbẹ̀yìn. Orílẹ̀-èdè náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn ni. Ìwé ìwádìí àti ìwé tó ń ṣàlàyé ẹ̀rọ ń wọlé láti òkèèrè, wọ́n sì nílò àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ tó lè kà á. Ẹnjiníà tó wà ní Lanzhou nígbà náà lè ṣiṣẹ́ títí yóò fi fẹ̀yìn tì láìbá òyìnbó kankan sọ̀rọ̀. Ojú ni wọ́n nílò, ojú ni wọ́n kọ́, ó sì ṣiṣẹ́.

Ayé yí, wọ́n sì rí i pé ó yí. Ní 2004 ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ẹ̀kọ́ gbé ìlànà tuntun jáde fún ìdánrawò, wọ́n fi òǹtẹ̀ lù ú ní 2007, ohun tó sì wà níbẹ̀ ni pé kí ọmọ lè lo Gẹ̀ẹ́sì, pàápàá kó lè gbọ́ ọ kó sì lè sọ ọ́. Ní 2005 wọ́n gbé apá etígbọ́ inú CET láti 20 sí 35. Ẹnu ni wọ́n dárúkọ nínú ìlànà, wọn ò fi máàkì kankan sí i nínú ìdánwò. Ọmọ ogún ọdún tó ń wá oyè àti iṣẹ́, èwo ni kó tẹ̀ lé nínú méjèèjì?

Ìṣẹ́jú àádọ́rùn-ún

Mo fẹ́ fi ojú ara mi rí kíláàsì náà. Olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì kan wà tí a jọ máa ń gbá badminton ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, obìnrin tó lé díẹ̀ ní ogójì ọdún. Láòṣì ni gbogbo wa ń pè é, bí wọ́n ṣe ń pe olùkọ́ nìyẹn. Ó gbà kí n jókòó sẹ́yìn, ó ní kí n má ṣáà gbàgbé pé òun ti kìlọ̀ fún mi.

Ọmọ 52 ló wà níbẹ̀, ọdún àkọ́kọ́, ẹnjiníà ni gbogbo wọn. Wọ́n fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá pe ọ̀rọ̀ tuntun tẹ̀ lé Láòṣì, wọ́n ń pariwo rẹ̀ bí ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó ń ka tábìlì ìsọdipúpọ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n ṣí ìwé kíkà. Láòṣì á ka gbólóhùn kan, á túmọ̀ rẹ̀ sí Ṣáínà, á fi àwọ̀ pupa fa ìlà sábẹ́ gírámà tó wà níbẹ̀, a bọ́ sórí òmíràn. Àwọn ọmọ ń ya àwòrán ojú pátákó pẹ̀lú fóònù. Ogún ìṣẹ́jú tó kẹ́yìn jẹ́ ti ìbéèrè CET àtijọ́, irú èyí tí wọ́n ti máa ń ní kí ọmọ wá ìpínrọ̀ tí gbólóhùn kan ti jáde. Wọ́n ṣe é dáadáa. Èmi kùnà méjì.

Ní àárín gbùngbùn, Láòṣì bi wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì pé kí ni wọ́n rò nípa ohun tí òǹkọ̀wé sọ. Gbogbo orí wọlé sábẹ́ tábìlì. Mo gbọ́ ọ bó ṣe ń ka iye kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ dé márùn-ún ní èdè Ṣáínà, ó wá dá ara rẹ̀ lóhùn, ó tẹ̀síwájú. Mo fi bírò fa ìlà kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀yìn ìwé mi fún gbogbo ìgbà tí ọmọ kan bá sọ Gẹ̀ẹ́sì tó ti inú ara rẹ̀ wá, tí kì í ṣe kíkà. Nínú ìṣẹ́jú 90, ìlà mẹ́ta. Méjì nínú rẹ̀ ni "I don't know."

Nígbà tí a jáde, Láòṣì kò jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ṣírò rẹ̀ fún mi," ló wí. "Tí mo bá ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú méjì, èló ni?" Mo ní 104. "Kíláàsì mi ńkọ́?" Mo ní 90. Irú kíláàsì bẹ́ẹ̀ mẹ́rin ló wà lọ́rùn rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún méjì àkọ́kọ́, àwọn ọmọ náà kò ní rí Gẹ̀ẹ́sì mọ́ lórí tábìlì ẹ̀kọ́ wọn. Tí ọ̀gá ẹ̀ka bá pè é, ohun kan ló ń béèrè: ọmọ mélòó ló yege. Òun fúnra rẹ̀, ìwé ìtàn àròsọ Gẹ̀ẹ́sì ló kọ́ ní yunifásítì, orí rẹ̀ ló sì ti ń kọ ìwé ìwádìí tí wọ́n á fi gbé e ga lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n wá kó ẹnjiníà 52 lé e lọ́wọ́. Ó tún sọ nípa 1999, ọdún tí ìjọba ṣí ilẹ̀kùn yunifásítì gbayawu: àwọn tó wọlé lọ́dún tó ṣáájú lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù kan, ó fò sí nǹkan bíi mílíọ̀nù kan ó lé ẹgbẹ̀rún lọ́nà 600. Ilé tuntun yára dìde, olùkọ́ kì í yára dìde bẹ́ẹ̀.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ yà sọ. Òyìnbó kan tó ń kọ́ni níbẹ̀ sọ fún mi pé gbogbo ìṣòro náà kò ju pé Láòṣì ń fi èdè Ṣáínà ṣàlàyé, pé kí wọ́n fi òfin dè é. Àwa ọmọ Yorùbá kọ́ ló yẹ kó gba irú ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́. Àwa la san owó ìtanràn, tí wọ́n gbé pátákó kọ́ lọ́rùn nítorí pé a sọ Yorùbá ní kíláàsì. Àwa náà sì ni ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí ti Ifẹ̀ láàárín wa ní 1970: wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà pírámárì, wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe iṣẹ́ kan lọ́tọ̀ lábẹ́ olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n kọ́. Àwọn ọmọ wọ̀nyẹn kò kẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Èdè ìyá kì í pa ẹnu lẹ́nu mọ́. Èdè Ṣáínà tí Láòṣì sọ ní ìṣẹ́jú 90 yẹn kò dun mi, ìlà mẹ́ta ló dùn mí.

Abandon

Shidi bẹ̀rẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní abúlé kan ní Gansu. Lóòótọ́, láti 2001 ni ìjọba ti ní kí wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní kíláàsì kẹta, ṣùgbọ́n olùkọ́ kankan kò gòkè dé ọ̀dọ̀ wọn títí ó fi wọ girama. Olùkọ́ tó wá dé nígbà tó yá, kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́nu ẹni tó ni ín rí. Ní ìdánwò àṣewọ yunifásítì, 150 ni Gẹ̀ẹ́sì nínú 750, bákan náà pẹ̀lú ìṣirò. Fún ọmọ àgbẹ̀, 150 yẹn ni àtẹ̀gùn tí yóò fi kúrò nínú oko.

Ìwé ọ̀rọ̀ ló fi gùn ún. Ó ṣì ní in, ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya, ó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. A-b-d ni wọ́n tò ó, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ sì ni abandon, pa á tì. Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ Ṣáínà ló mọ àwàdà yìí: o ra ìwé, o ṣí i, ìwé fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ gbà ọ́ nímọ̀ràn pé kí o pa á tì. Púpọ̀ ń gba ìmọ̀ràn náà. Shidi kò gbà á, ó kà á dé zone, ó tún padà sí abandon. Lẹ́yìn ìyẹn ló bẹ̀rẹ̀ sí í shuati, ìyẹn ni pé kí èèyàn máa fọ ìbéèrè àtijọ́. Shua yìí kan náà ni wọ́n ń lò fún fífọ eyín. Láràárọ̀, lálaalẹ́.

Ó fi ìwé àròkọ rẹ̀ hàn mí. Egungun kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: "With the rapid development of society" ló ń ṣí i, "Every coin has two sides" ń bẹ ní àárín, ó kàn ń pààrọ̀ ẹran ara rẹ̀ ni. Ìdọ̀tí ìlú, fóònù, ìfẹ́ òbí, gbogbo rẹ̀ wọ inú egungun náà. Ẹ̀rín pa mí, torí mo rántí àwọn akọ̀wé tó máa ń jókòó níwájú ilé ìfìwéránṣẹ́ láyé àwọn bàbá wa, tí gbogbo lẹ́tà wọn ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "mo láyọ̀ láti kọ ìwé yìí sí ọ, mo lérò pé yóò bá ọ ní àlàáfíà," kódà tó bá jẹ́ ìròyìn òkú ni wọ́n fẹ́ tú fún ẹni náà.

Lẹ́nu, ó yà mí lẹ́nu bí àṣìṣe rẹ̀ ṣe jọ ti ìyá mi àgbà. "My mother, he is farmer." Ní èdè Ṣáínà, tā ni ọkùnrin, tā ni obìnrin, bí "ó" tiwa. Kò fẹ́ kí kọ́ńsónáǹtì parí ọ̀rọ̀, ó máa ń fi fáwẹ̀lì kékeré kan dè é nídìí, bí àwa náà ṣe sọ bread di búrẹ́dì. Th dà s lẹ́nu tirẹ̀, ó dà t lẹ́nu tiwa. Mi ò rí nǹkan tó le níbẹ̀. Ojú ló le. Wọ́n ní mianzi, àwa náà ní ojú. Ojú tiwọn máa ń sọ nù, tiwa máa ń tini. Ó ní gbogbo ìgbà tí òun bá fẹ́ sọ̀rọ̀, òun máa ń rí bírò pupa olùkọ́ lókè gbólóhùn náà kó tó jáde.

Ẹ̀kọ inú ewé lotus

A bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kọkànlá. Àdéhùn wa ni ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láràárọ̀, níbi tí a ti ń jẹ regan mian, núùdù gbígbóná tí wọ́n ń fi ọbẹ̀ sẹ̀sámì pò, tí gbogbo Wuhan ń jẹ lórí ìdúró. Gẹ̀ẹ́sì nìkan. Mo fi òfin de ẹyọ owó tó ní ojú méjì. Mo sì ní ìbéèrè tí ìyá ẹlẹ́kọ lè béèrè nìkan ni mo máa bi í: kí lo rí? Ó le ni àbí ó rọ̀? Kí ló dé tí ti àná yàtọ̀ sí tòní?

Ní ọjọ́ kan tí òtútù mú (ìjọba kì í fi ẹ̀rọ amúlégbóná àpapọ̀ sí ilé ní Wuhan, gúúsù ni wọ́n kà á sí), mo ra sítáàṣì àgbàdo, mo ro ó ní ilé ìdáná hósítẹ́ẹ̀lì wa. Ewé eéran kò sí, mo fi ewé lotus pọ́n ọn. Lọ́jọ́ kejì mo ní kó tẹ̀ ẹ́. Ó fi ìka tẹ̀ ẹ́, ó ní, "Hard." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, retrogradation náà nìyẹn. Ó tún tẹ̀ ẹ́. "Oh," ló wí, ó wá jẹ ẹ́ tán.

Mi ò ní purọ́ pé gbogbo rẹ̀ lọ geere. Mo mú un lọ sí igun Gẹ̀ẹ́sì lẹ́ẹ̀kan, ibi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pé jọ lálẹ́ láti sọ Gẹ̀ẹ́sì, àṣà tó ti wà ní ìlú wọn láti ìparí ọdún 1970s. Kí n tó yí ọrùn, ogún ènìyàn ti yí mi ká, ìbéèrè mẹ́rin kan náà ni gbogbo wọn ń bi mí, láti orí "Níbo lo ti wá?" Kò sí ẹni tó bá ẹnì kejì sọ̀rọ̀. Shidi dúró lẹ́yìn, ó ń bá mi di báàgì mú.

Ní oṣù Kìíní mo wá rí ìwé kékeré kan lábẹ́ abọ́ rẹ̀. Ó ti kọ gbogbo ìbéèrè tí mo máa ń bi í sílẹ̀, 63, ó kọ ìdáhùn síwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń há a sórí lálaalẹ́. Oṣù méjì tí mo fi ń yọ̀ pé ẹnu ti ń là, ó ti sọ èmi náà di ìbéèrè àtijọ́, ó ń fi mí fọ eyín! Inú bí mi díẹ̀, ẹ̀rín sì ń pa mí. Mo gba ìwé náà, mo sì yọ ara mi kúrò nídìí núùdù ní ọjọ́ mẹ́ta nínú ọ̀sẹ̀. Ọmọ Pakistan kan láti láàbù tó wà lókè ló rọ́pò mi, ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa sítáàṣì, tí kì í sì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ kan parí kó tó bọ́ sórí òmíràn. Ìyẹn kò ṣeé há sórí.

Láàárín ìgbà náà ni Láòṣì fi orúkọ mi sílẹ̀ ní ẹ̀ka wọn, torí wọ́n ń wá ẹni tí yóò máa kọ́ni ní ọ̀rọ̀ sísọ. Wọ́n ní kí n mú ìwé ìrìnnà wá. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí, mo mọ̀ pé mi ò lè gba owó láìgbàṣẹ, mo ní ọ̀fẹ́ ni màá ṣe é. Wọ́n wo ìwé náà, wọ́n dá a padà. Orílẹ̀-èdè méje tí wọ́n máa ń kà sí àwọn tó ni Gẹ̀ẹ́sì ni Bìrìtéènì, Amẹ́ríkà, Kánádà, Ireland, Ọsirélíà, New Zealand àti South Africa. Nàìjíríà tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin, tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì na ọmọ, kò sí níbẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó kọ́ nípa títún ọgbà òdòdó ṣe ni wọ́n gbà. Ọmọ dáadáa ni o, ó kàn jẹ́ pé òun nìkan ló máa ń sọ̀rọ̀ ní kíláàsì ọ̀rọ̀ sísọ náà.

Ní 2023, nígbà tí mo ti kúrò níbẹ̀, Yunifásítì Jiaotong ti Xi'an kéde pé ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì kò ní dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láti gba oyè mọ́, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì pàtẹ́wọ́. Mo bi Láòṣì lórí WeChat pé ṣé inú rẹ̀ dùn. Ó ní tí wọ́n bá mú ìdánwò kúrò láìfi ẹnu sí i, wákàtí òun ni wọ́n máa gé. Èmi àti ẹ̀ wà níbì kan náà lórí ọ̀rọ̀ yẹn.

Ọ̀gá rán àwa méjèèjì lọ sí ìpàdé kan ní Bangkok ní 2019. Èmi lẹ pátákó tèmi mọ́ ògiri. Shidi ní ìṣẹ́jú méjìlá láti sọ̀rọ̀. Ìṣẹ́jú méjìlá yẹn kò bà mí lẹ́rù, torí ó há a sórí, ó sì kà á jáde láìkọsẹ̀. Ìbéèrè ni mo ń dúró dè. Obìnrin kan ní ìlà kẹta dìde, ó ní kí ló dé tí ìlà kẹta inú àwòrán fi ga tó bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn wákàtí mẹ́rìnlélógún.

Shidi wo àwòrán, ó wo obìnrin náà. Mo rí etí rẹ̀ láti ibi tí mo jókòó sí, ó ti ń pọ́n. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó fi àtàǹpàkò tẹ afẹ́fẹ́ bí ẹni ń tẹ ẹ̀kọ.

"It goes hard," ló wí. "Like rice yesterday."

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín, obìnrin náà mi orí, ó kọ nǹkan sílẹ̀, ó jókòó. Shidi sọ̀ kalẹ̀, ó wá jókòó tì mí, ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó tẹ́nu mọ́ mi létí.

"Shixiong, ṣé rice yesterday ni, àbí yesterday's rice?"